Mẹ́dà Mélòó fún Ọmọ Mélòó?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 1996, kò sí ẹni tó lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Fidelis ní Àmùkòkò láì fi èjìká ti ẹlòmíràn. Fidelis ló ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti onírúurú oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ti bẹ̀rẹ̀ ní Àtìláńtà, ó ti gbé pátákó dúdú ńlá kan síta, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye mẹ́dà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbà sí i. Ẹni tí kò bá rí ìwé ìròyìn kà, ibẹ̀ ló ń wá.

Lálẹ́ Sátidé ni Nàìjíríà gba wúrà bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ọmọbìnrin wa kan ti fò jìnnà ju gbogbo obìnrin ayé lọ. Wúrà méjì! Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ohùn àwọn èèyàn ti há láti alẹ́ Sátidé, síbẹ̀ wọn kò dákẹ́.

Safurat Fágbénró wà láàárín wọn, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo pátákó. Tíṣà ìṣirò ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ajégúnlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ kíláàsì, àádọ́rin ọmọ á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ìjọba ka iye èèyàn ní ọdún 1991, ó wà lára àwọn tó ń wọ ilé dé ilé ní Àmùkòkò. Ó ka yàrá kan tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́rìnlá ló ń sùn nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ nọ́ńbà kan létí rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé: nínú mélòó?

Fidelis parí ìlà tó ń kọ, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó sún sẹ́yìn. Amẹ́ríkà ló wà lókè pátápátá, wúrà mẹ́rìnlélógójì. Nàìjíríà wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún: wúrà méjì, fàdákà kan, idẹ mẹ́ta. Ipò kejìlélọ́gbọ̀n.

"Kejìlélọ́gbọ̀n nínú gbogbo ayé!" ni àwọn èèyàn pariwo. "Naija!"

Ẹ̀rín kan jáde láti ẹ̀yìn wọn. Ọ̀gá Cyril ni. Àpápá ni ọkùnrin yìí ń gbé, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Òun náà ni alága ìgbìmọ̀ eré ìdárayá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè náà. Sáìnbọ́ọ̀dù tó ní kí Fidelis kọ fún òun ló wá gbé.

"Ẹ máa jó lọ," ó ní. "Jàmáíkà ńkọ́? Mẹ́dà mẹ́fà la gbà, mẹ́fà làwọn náà gbà. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn pátá kò tó ìdajì àwa tí a wà l'Ékòó yìí. Ìtìjú ni kó mú yín, ẹ̀ ń jó."

"Wúrà kan ni wọ́n ní, àwa ní méjì!" ni ẹnì kan fèsì. "Àwa la wà lókè wọn."

"Wúrà tàbí idẹ, ṣé kì í ṣe mẹ́dà ni?"

"Ta ló bí ẹ sí Jàmáíkà?"

Kí a tó wí kí a tó fọ̀, wọ́n ti ń nàka sí ara wọn lójú. Fidelis rí i pé wọ́n fẹ́ wó pátákó òun, ó yíjú sí Safurat.

"Àǹtí Tíṣà, abẹ́g, ẹ gbà wá o. Ta ló jàre nínú wọn?"

Safurat na ọwọ́, ó gba ṣọ́ọ̀kì. "Àwọn méjèèjì jàre," ó ní. "Kò sí irọ́ kankan lórí pátákó yìí. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn: ta ló gba wúrà jù? Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye èèyàn tó wà lẹ́yìn mẹ́dà kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè mìíràn nìyẹn, ẹ ó sì tún pátákó kọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Nígbà tí wọ́n kà wá ní 1991, a lé ní mílíọ̀nù méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ẹ fi mẹ́fà pín in: èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jà fún mẹ́dà kan. Amẹ́ríkà tó kó mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ fún ẹyọ kan. Jàmáíkà, nǹkan bí ogún ọ̀kẹ́ èèyàn péré.

"Ẹ ti rí i!" ni Cyril wí.

"Ẹ ní sùúrù, sà. Erékùṣù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Tóńgà. Gbogbo wọn kò ju bí ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ. Abẹ̀ṣẹ́ wọn kan gba fàdákà lánàá. Bí a bá fi orí èèyàn pín in, Tóńgà ló gba ipò kìíní láyé. Ṣé wọ́n wá mọ eré ju Amẹ́ríkà lọ ni?"

Ó kọ Tóńgà sókè pátápátá lórí pátákó.

"Ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Ká ní ibà dá a dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọn ì bá wà. Òṣùwọ̀n yẹn ń gbé ìlú kékeré ga jù, ó sì ń rẹ́ ìlú ńlá jẹ. Ẹ gbọ́, Amẹ́ríkà lè ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó mọ̀ ọ́n sá, ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n máa jẹ́ kó kó wá fún eré ìje kan. Bí èèyàn wọn bá tiẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá, mẹ́dà wọn kò lè di ìlọ́po mẹ́wàá. Wúrà bọ́ọ̀lù tiwa náà ńkọ́? Odidi ẹgbẹ́ ló gbà á, ẹyọ kan ni wọ́n kà á sí. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, ká tó mọ tébù nọ́ńbà tí a máa yà."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, inú tó ru ti rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n Cyril kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ ẹ dùn, tíṣà," ó ní. "Lójú tèmi, ẹni tó gbà jù ló gbà jù. Ìjọba fẹ́ gbé kóòṣì eré ìdárayá kan wá sí agbègbè wa, ẹyọ kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ wa ni yóò yan ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò lọ: èyí tó bá tayọ jù láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. A ti ka mẹ́dà, ilé-ẹ̀kọ́ ti Àpápá ló borí. Ó parí."

"Kò sẹ́ni tó bi yín pé nínú ọmọ mélòó, sà?"

Cyril wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó pẹ́ tí obìnrin kan ti ko ó lójú ní gbangba báyìí. "Ìwọ wá bi wá. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, agogo mẹ́wàá. Mú ìwé ẹ dání."

"Màá wá, sà," ni Safurat wí.

Orí Safurat ń wú bó ṣe ń lọ sílé. Ọdún márùn-ún ni òun fúnra rẹ̀ ti ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ wo àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sáré lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánààlì. Kò mọ̀ ju kí ó ní kí wọ́n sáré, kí ó sì ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí kóòṣì gidi bá dé ọ̀dọ̀ wọn, á fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà dárà.

Àkókò ìsinmi gígùn ni, ilé-ẹ̀kọ́ dá páropáro. Ọ̀gá Godfrey, tó jẹ́ pírínsípà, ló ṣí ọ́fíìsì fún un, tó sì gbé èsì ìdíje ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Safurat jókòó tì í fún odidi ọjọ́ méjì. Àpápá gba ogún mẹ́dà. Ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ gba méjìlá. Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya eré kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ó sì rí nǹkan kan. Mẹ́sàn-án nínú ogún mẹ́dà Àpápá, inú ìdíje ìwẹ̀ odò àti tẹ́níìsì ni wọ́n ti gbà á, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò ti gbé ẹnikẹ́ni wá rárá. Nínú eré tí gbogbo wọn jọ ṣe, ìyẹn sísá, fífò àti jíju, Àpápá gba mọ́kànlá. Ajégúnlẹ̀ gba méjìlá.

Ó dìde dúró láìmọ̀. "Sà! Ẹ wá wò ó."

Ọ̀gá Godfrey kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tí kì í sábà rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n gbogbo eyín rẹ̀ ló jáde. "Ó ti parí nìyẹn! Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ìwé yẹn dé, ẹ máa lọ sílé lọ jẹun."

Safurat ti fẹ́ pa á dé lóòótọ́ kí ojú rẹ̀ tó ta sí ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Marine Beach: mẹ́dà mẹ́fà. Ọjọ́ méjì ló ti ń fò ó kọjá, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fo òkúta lójú ọ̀nà.

"Àwọn wo nìyí, sà?"

"Ilé-ẹ̀kọ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kan tó wà létí omi. Gbogbo ọmọ wọn kò tó kíláàsì méjì tiwa. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

"Iye ọmọ wọn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀, sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú pírínsípà. "Mísíìsì, a ti ní ohun tí a ń wá."

Lọ́jọ́ kejì, Marine Beach ni Safurat gbà lọ.

Ebinimi ni orúkọ tíṣà tó ń darí eré ìdárayá níbẹ̀. Ọmọ Ìjọ́ ni, wọ́n bí i sí etí omi yẹn, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni pé wọ́n fi wẹ̀ fún un. Safurat bá a lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń sá ẹja. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un, ó sì sọ ohun tó gbé òun wá.

"Kóòṣì wo?" ni Ebinimi bi í. "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa o."

"Èmi ni mo ń sọ fún yín yìí. Ọmọ mélòó lẹ ní?"

"Ọgọ́fà."

"Mélòó lẹ ń kó lọ sí ìdíje lọ́dọọdún?"

"Mẹ́ta."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta?"

"Bàtà eré sísá mẹ́ta la ní," ni Ebinimi wí, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. "Ẹni tí bàtà bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu ló ń lọ."

Safurat ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí. Mẹ́ta lọ́dún, mẹ́sàn-án ní ọdún mẹ́ta. Mẹ́sàn-án ló lọ, mẹ́fà ló gba mẹ́dà. Ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kò súnmọ́ ìyẹn rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tó lè yọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á jẹ́ pé orí ọmọ yẹn ló dára, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ Tóńgà nìyẹn, òun á sì lè fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ọkàn tó mọ́.

"Mẹ́dà mẹ́fà yẹn, ọmọ mélòó ló gbà wọ́n?"

Ebinimi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. "Oghenemaro, ọ̀kan. Obinna, ọ̀kan. Àbúrò Obinna lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ese gba méjì, ní ọdún méjì. Ọmọ ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé lẹ́yìn wa, ọ̀kan. Ọmọ márùn-ún."

Safurat mí kanlẹ̀. "Mísì Ebinimi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo àdúrà tí mo ń gbà láti ìgbà tí mo ti jókòó ni pé kí ẹ sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni."

Ebinimi bú sẹ́rìn-ín. Ó mú ẹja gbígbẹ méjì nínú èyí tó sá, ó fi ìwé wé e fún un. "Ẹ gbé e dání. Ẹni tó bá wá láti òdìkejì tó sì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, kò yẹ kó lọ lọ́wọ́ òfo."

Bàbá Safurat, Alhaji Ìsìmáílà Fágbénró, wà lára àwọn onílẹ̀ Àmùkòkò. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Níwájú ilé ló jókòó sí nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé, Safurat kúnlẹ̀ kí i, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

"Mo ní tébù kan tó gbé ilé-ẹ̀kọ́ wa borí, Bàbá. Òótọ́ ni gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀. Mo tún ní òmíràn tó gbé Marine Beach borí. Òótọ́ ni òun náà."

"Èwo lo kọ́kọ́ rò láti fi wọ̀n?"

"Iye ọmọ ni. Òun ni mo sọ lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Ajé."

"Ìgbà wo lo wá rí ti èkejì?"

Safurat tẹ orí ba. "Ìgbà tí mo ń wá ohun tí yóò gbè wá ni."

Bàbá mú tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ ẹbí wa. Okùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àbúrò bàbá mi rí i pé ìpín òun fẹ́ kéré, ó ní okùn ti gbó, kí wọ́n wá òmíràn. Ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe irọ́ o, okùn náà ti gbó lóòótọ́. Àmọ́ kò rí gbígbó rẹ̀ títí tó fi kan ìpín tirẹ̀. Títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó tún pè é pé kó wá bá wọn pín nǹkan." Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ kan kọjá. "Ìwọ ni tíṣà. Èmi kò mọ ìṣirò."

Ní ọjọ́ Rú tó ṣáájú ìpàdé, Ọ̀gá Godfrey ránṣẹ́ pè é. Ó ti gbọ́ pé ó lọ sí Marine Beach.

"Mísíìsì, bí ẹ bá gbé ìwé àwọn ará ibẹ̀ yẹn dé ìpàdé, ẹ má retí pé ọwọ́ yín ni eré ìdárayá máa wà ní táàmù tó ń bọ̀."

"Sà, bí mo bá fi èyí tó gbè wá nìkan hàn wọ́n, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti Ọ̀gá Cyril?"

"Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ wa ni kóòṣì máa wà."

Ó dun Safurat, nítorí ó mọ̀ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ wọn tọkàntọkàn. Ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé òun ti gbọ́, sà. Láti ibẹ̀, ó lọ bá Fidelis pé kó bá òun fi lẹ́tà gàdàgbà kọ nọ́ńbà òun sórí páálí mẹ́ta.

Gbọ̀ngàn kan ní Àpápá ni ìpàdé wà. Èèyàn méje ló jókòó yí tábìlì ká, Cyril wà lórí. Safurat rọ páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ara ògiri, kò gbọ̀n, kò sì yára. Bí ó ṣe máa ń dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ló ṣe dúró.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ káàárọ̀. Páálí kìíní ni tiyín: Àpápá ogún, Ajégúnlẹ̀ méjìlá, Marine Beach mẹ́fà. Mi ò bá a jà. Àwọn ọmọ Àpápá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbà á. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìwẹ̀ odò àti tẹ́níìsì, níbi tí àwọn nìkan ti forúkọ sílẹ̀."

"Ṣé mẹ́dà ìwẹ̀ odò kì í ṣe mẹ́dà ni?" ni Cyril bi í.

"Mẹ́dà ni, sà, mi ò yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ ẹ má fi í na ọmọ tí ẹ kò jẹ́ kó wọ omi. Inú omi làwọn ọmọ Marine Beach ń gbé lójoojúmọ́. Wọn kò lè forúkọ sílẹ̀ nítorí fọ́ọ̀mù yín ní kí wọ́n kọ orúkọ adágún ìwẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò."

Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ gbé fọ́ọ̀mù kan, ó kà á, ó sì gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e.

"Páálí kejì: ọmọ mélòó ló wà lẹ́yìn mẹ́dà kan? Àpápá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọmọ, ọmọ márùndínláàádọ́ta fún mẹ́dà kan. Marine Beach ní ọgọ́fà, ogún ọmọ fún mẹ́dà kan."

"Ilé-ẹ̀kọ́ tìẹ ńkọ́?" Cyril ti tẹ̀ síwájú.

"Ẹgbẹ̀sán ọmọ la ní, sà. Àádọ́jọ ọmọ fún mẹ́dà kan. Àwa la gbẹ̀yìn."

Ó nàka sí ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá páálí náà.

"Òṣùwọ̀n yìí rẹ́ wa jẹ díẹ̀," ni Safurat ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "nítorí bí ọmọ ṣe wù kó pọ̀ tó, ẹni méjì péré lẹ ń gbà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan fún eré kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe páálí kẹta. Nínú àwọn tó jáde sí pápá, mélòó ló gba mẹ́dà bọ̀? Àpápá kó ọgọ́ta lọ, ogún gbà: ẹnì kan nínú mẹ́ta. Ajégúnlẹ̀ kó ọgbọ̀n, méjìlá gbà: ẹni méjì nínú márùn-ún. A fi díẹ̀ dára jù yín lọ níbẹ̀. Marine Beach kó mẹ́sàn-án péré, mẹ́fà gbà: ẹni méjì nínú mẹ́ta. Mo sì ti wò ó bóyá ọmọ kan ṣoṣo ló ń ru wọ́n. Ọmọ márùn-ún ni, wọ́n sì gbà á lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàtà mẹ́ta ni gbogbo wọn ń pín wọ̀."

Cyril fi ẹ̀yìn ti àga. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ yé. O dìde láti Ajégúnlẹ̀, o wá síbí wá sọ fún wa pé kí á gbé kóòṣì fún Marine Beach?"

"Ẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ tó tayọ jù lẹ ń wá, sà. Bó bá jẹ́ èyí tó gba mẹ́dà púpọ̀ jù lẹ ń wá, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé yín, màá ká páálí mi kúrò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tó fi ohun díẹ̀ ṣe ohun púpọ̀ jù, mi ò ní òṣùwọ̀n kankan tó gbé ẹlòmíràn borí."

Wọ́n ní kí ó jáde síta díẹ̀. Ó dúró lábẹ́ igi kan, ó ń wo àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń ti èbúté bọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́nà tí kò yé òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, akọ̀wé ìgbìmọ̀ sọ fún un pé ẹni mẹ́ta yan Àpápá, ẹni mẹ́ta yan Marine Beach, ó wá ku alága.

Cyril fọwọ́ nu iwájú orí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń rí bí wọ́n ṣe ń já ẹrù ní èbúté Kirikírì," ó ní. "Bí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré kan bá wà tó ń gbé ẹrù ju bí ara rẹ̀ ṣe mọ, tó sì ń gúnlẹ̀ láyọ̀ nígbà gbogbo, a kì í fi í sílẹ̀ lọ tún ọkọ̀ ńlá ṣe. Òun la máa ń kọ́kọ́ kùn lọ́dà." Ó wo Safurat. "Mo yan Marine Beach. Ṣùgbọ́n tíṣà, o kò mọ jìbìtì í lù o. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé bí o bá dúró sórí eré tí gbogbo yín jọ ṣe, ìwọ ni ì bá borí mi?"

"Mo mọ̀, sà."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Mọ́kànlá sí méjìlá. Ó wà nínú ìwé mi."

Cyril mi orí títí. Nígbà tí Safurat fẹ́ máa lọ, òun fúnra rẹ̀ ló bá a ká páálí kúrò lára ògiri.

Uchenna ni orúkọ kóòṣì tí wọ́n gbé wá ní oṣù kẹsàn-án, obìnrin kan tó ti fò rí fún ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Godfrey náà kò gbàgbé ohun tó wí. Ó gba eré ìdárayá lọ́wọ́ Safurat, ó gbé e fún tíṣà mìíràn. Safurat kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bá a ṣe kèéta. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló wọ ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan.

"Sà, Mísì Ebinimi ní kí n máa kó ọmọbìnrin mẹ́rin wá sọ́dọ̀ kóòṣì wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ìfọwọ́sí yín ló kù."

Pírínsípà ka ìwé náà, ó gbé e kalẹ̀, ó tún gbé e. "Wọ́n gbà kí ẹ wá lo kóòṣì wọn?"

"Àwọn ló pè wá, sà."

Ó fọwọ́ sí i láìgbójú sókè.

Ní ìdíje ọdún 1997, bàtà Marine Beach ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì lọ. Wọ́n gba mẹ́dà méje. Ebinimi wá bá Safurat lórí pápá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí.

"Méje nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìpín wa ti já wálẹ̀ o, tíṣà ìṣirò. A ti bà yín lórúkọ jẹ́."

"Ó ní láti já wálẹ̀," ni Safurat wí. "Tẹ́lẹ̀, ẹni mẹ́ta tó yá jù lẹ ń mú. Ní báyìí, ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún náà ti rí pápá. Bí ìpín kò bá já, á jẹ́ pé ẹ̀ ń fi ọmọ pamọ́ sílé."

Oghenefejiro, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń kó lọ sí Marine Beach, gba idẹ nínú eré ẹgbẹ̀rin mítà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Godfrey pe ọmọ náà jáde níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ó sì pe Safurat náà. Ó bọ Safurat lọ́wọ́. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá, Safurat náà kò sì bi í. Ó kàn ní, "Mísíìsì, láti Ọjọ́bọ̀ yìí, ẹ kó mẹ́jọ lọ."

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ní Marine Beach, omi ti fà sẹ́yìn, yanrìn tutù, ó sì le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀. Uchenna to gbogbo àwọn ọmọ náà sórí ìlà kan ṣoṣo, ti Ajégúnlẹ̀ àti ti Marine Beach, ó fi wọ́n lú ara wọn débi pé èèyàn kò lè mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá. Ó fẹ fèrè. Wọ́n tú jáde bí ẹyẹ tí a lé, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ta omi síra wọn lára. Safurat bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká etí yẹ̀rì rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé wọn.